Ojú Abẹ Ìbímọ Tó Ń Bàjẹ́: Ilé, Kẹ́mísìtì, Ọsibítù Àdúgbò àbí Ọsibítù Ńlá, Èwo Ni Kí Ẹ Yàn?

Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ojú abẹ tí wọ́n gbà gbé ọmọ jáde ló ń jiná láìda ẹnikẹ́ni láàmú. Nínú àwọn tó bá bàjẹ́ pàápàá, èyí tó pọ̀ jù kì í ju kí ọyún díẹ̀ yọ níbi tí wọ́n rán, kí wọ́n tú okùn, kí wọ́n máa wẹ̀ ẹ́, kó sì san. Oríṣi kan tó ṣọ̀wọ́n la kọ èyí fún. Kòkòrò àrùn á gba ojú abẹ wọlé, á máa rìn lábẹ́ awọ, lórí ìwọ̀ fẹ́lẹ́ tó bo iṣan ikùn, á sì máa pa ọ̀rá àti ẹran bó ṣe ń lọ. Necrotizing fasciitis ni àwọn dókítà ń pè é. Láti ìgbà tí ìrora bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège títí di ìgbà tí ẹ̀mí ìyá ìkókó á wà nínú ewu lè má ju ọjọ́ kan sí méjì lọ.

Ibi ìtọ́jú la fẹ́ fi wé ara wọn, kì í ṣe oògùn. Oògùn nìkan kì í wo àrùn yìí. Ẹran tó ti kú kò ní ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn nínú rẹ̀ mọ́, ẹ̀jẹ̀ ló sì ń gbé oògùn káàkiri ara. Abẹ́rẹ́ tó lágbára jù lọ kò lè dé ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé. Abẹ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gé ibi tó kú kúrò kí oògùn tó lè dáàbò bo ibi tó kù. Nítorí náà, ohun tí ẹ ó bi ara yín nípa ibikíbi tí ẹ bá fẹ́ lọ ni pé: wákàtí mélòó ni yóò gbà níbẹ̀ kí abẹ tó kan ara?

Irú ojú abẹ wo ló wà níwájú yín?

Ẹ wo ojú abẹ náà lójú ìmọ́lẹ̀ kí ẹ tó yan ibi kankan. Èyí tó ń jiná kì í dun ìyá ọmọ lónìí ju ti àná lọ. Etí rẹ̀ lè máa yún, omi fẹ́lẹ́ sì lè rin báńdéèjì ní ọjọ́ kìíní sí ìkejì. Òkè ibi tí wọ́n rán lè kú, kó má mọ̀ bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, nítorí pé abẹ ti gé àwọn iṣan ìmọ̀lára kéékèèké tó wà níbẹ̀. Èyí lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, kì í ṣe àrùn.

Èyí tí kòkòrò wọ̀ lásán sábà máa ń fara hàn láàárín ọjọ́ kẹrin sí ìkẹwàá. Ibì kan á gbóná, á wú, ọyún tó ki á sì yọ. Ibẹ̀ nìkan ló ń dùn ún. Ó ṣì ń jẹun, ó ń rìn, ó ń fún ọmọ lọ́mú.

Èyí tó léwu ní àmì kan tó máa ń ṣáájú gbogbo àmì yòókù: ìrora tó ju ohun tí ojú rí lọ. Awọ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní àbùkù, síbẹ̀ kí ìyá ọmọ ké bí ẹ bá fọwọ́ kan ibi tó jìnnà sí ojú abẹ ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan. Wíwú á kọjá ibi tí àwọ̀ ti yí padà, á sì le bíi pákó. Ìwé ìṣègùn a máa sọ pé awọ á pọ́n, ṣùgbọ́n lára adúláwọ̀ pípọ́n kì í hàn tó bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì ń tìtorí èyí pẹ́ nílé. Ohun tí ẹ ó rí ni ibi tó ṣú ju àyíká rẹ̀ lọ, tó ń dán, tàbí tó ní àwọ̀ eérú tàbí àlùkò. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án, kí ẹ fi ooru rẹ̀ wé ti ẹ̀gbẹ́ kejì ikùn. Bó bá ṣe ń pẹ́ sí i, ìléròrò tó ní omi ẹ̀jẹ̀ nínú á jáde, omi tó rí bí èyí tí a fi fọ àwo á máa jò, òórùn burúkú á máa jáde, awọ á sì máa dún lábẹ́ ìka bíi náílọ́nù tí a ń rún. Bí ibi tó ti ń dùn ún gan-an bá ṣàdédé kú, ẹ má ṣe dúpẹ́ pé ara ti ń tù ú. Ìmọ̀lára ibẹ̀ ló ti kú pẹ̀lú ẹran.

Ẹ wo ara rẹ̀ lódindi pẹ̀lú. Ooru ara tó dé 38 tàbí tó lọ sílẹ̀ ju 36 lórí tẹmómítà, ọkàn tó ń lù ju 110 lọ ní ìṣẹ́jú kan nígbà tó dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, mímí tó ju 24 lọ ní ìṣẹ́jú kan, ìtọ̀ tó dín kù, èébì tàbí ìgbẹ́ gbuuru, ọ̀rọ̀ tí kò já geere mọ́: ìkankan nínú ìwọ̀nyí pẹ̀lú ojú abẹ tó ń dùn ún tó láti gbé e kúrò nílé. Àìsí ibà kò sọ pé kò sí ewu, nítorí paracetamol àti diclofenac tí wọ́n fún un lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ lè bo ibà mọ́lẹ̀. Bó bá sì jẹ́ kòkòrò Streptococcus pyogenes, èyí tó máa ń fa ọ̀nà ọ̀fun dídùn, ó lè bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 24 sí 48 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, láìsí ọyún kankan.

Bí iyè méjì bá ṣì wà, ẹ fi bírò fa ìlà yí etí wíwú náà ká, kí ẹ kọ aago sí i. Ẹ tún wò ó lẹ́yìn wákàtí kan. Bí wíwú bá ti ré ìlà kọjá, ẹ ti rí ìdáhùn. Ẹnì kan tó ti ní àmì mìíràn kò nílò ìlà, ẹ máa gbé e lọ.

Ẹni tí àtọ̀gbẹ ń bá jà, ẹni tó sanra gan-an tí ikùn rẹ̀ ṣẹ́ bo ojú abẹ, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kéré, ẹni tó ní HIV tí kò tíì máa lo oògùn, ẹni tó rọbí fún ọjọ́ púpọ̀ tàbí tí omi rẹ̀ ti ya tipẹ́ kí wọ́n tó là á: ewu ti àwọn wọ̀nyí ga ju ti ẹlòmíràn lọ. Ṣùgbọ́n àrùn yìí a máa mú ọ̀dọ́bìnrin tí kò ní àìsàn kankan náà.

Ohun tí a fi wọ̀n wọ́n

Òṣùwọ̀n tó wúwo jù ni abẹ: dókítà oníṣẹ́ abẹ, yàrá iṣẹ́ abẹ, àti akunnilóorun tó wà níbẹ̀ ní aago méjì òru. Ẹ̀jẹ̀ ló tẹ̀ lé e, torí gígé ẹran tó kú a máa mú ẹ̀jẹ̀ lọ lára ẹni tó ti pàdánù ẹ̀jẹ̀ nígbà ìbímọ. Lẹ́yìn náà ni dírípù àti oògùn apakòkòrò tí wọ́n gbà lójú iṣan ẹ̀jẹ̀, tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí kan tí wọ́n bá ti fura. Ẹ wo bóyá wọ́n lè tún gbé e padà sórí tábìlì lọ́jọ́ kejì, bóyá atẹ́gùn ọ́síjìn àti ibi ìtọ́jú àkànṣe wà. Owó àti ọ̀nà jíjìn wà nínú rẹ̀, a ò fojú kéré wọn, àmọ́ ìsàlẹ̀ la fi wọ́n sí.

Ilé

Ilé kò náni lówó, ibẹ̀ sì dára fún ojú abẹ tó ń jiná. Kí ìyá ọmọ wẹ̀ lójoojúmọ́, kí omi àti ọṣẹ ṣàn kọjá lórí rẹ̀ láìfi kànìnkànìn ha á, kí wọ́n fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ gbẹ. Fún ẹni tí ikùn rẹ̀ ṣẹ́ bo ojú abẹ, kí ó gbé e sókè ní ìgbà mélòó kan lóòjọ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, nítorí ọ̀rinrin ibẹ̀ ni kòkòrò fẹ́ràn. Pátá òwú tí rọ́bà rẹ̀ kọjá òkè ojú abẹ sàn ju èyí tó ń há a lọ. Ẹni tí ọ̀nà ọ̀fun ń dùn kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ojú abẹ, ìyá ọmọ fúnra rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ kó tó kàn án.

Ibi tí ilé ti ń ṣeni ní ibi ni àwọn ohun tí a ń fi ìfẹ́ ṣe. Omi gbígbóná tí a fi ń tẹ ikùn ìyá ìkókó ti wà lọ́wọ́ àwọn ìyá wa tipẹ́, ẹni tó bímọ láti ojú ara sì lè fara dà á. Lórí ojú abẹ, ó ń bó awọ tí kò tíì lágbára, ibi tí kò ní ìmọ̀lára mọ́ kò sì ní í sọ fún un pé omi ti gbóná jù. Dettol tí a kò lú omi mọ́, spirit àti hydrogen peroxide ń pa ẹran tuntun tó fẹ́ jáde. Títú kapúsù ampiclox tàbí tetracycline dà sójú ọgbẹ́ burú ju bí ó ṣe rí lọ: ó ń di èèpá lókè, ọyún ń há sísàlẹ̀, dókítà tó bá sì wò ó kò ní í rí àwọ̀ ibẹ̀ mọ́. GV (gentian violet, oògùn aláwọ̀ àlùkò) náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó ń pa àwọ̀ awọ dà ní gbogbo àyíká. Agbo tí a rọ sínú ọgbẹ́ lè gbé kòkòrò àrùn tetanus tó ń gbé inú ilẹ̀ wọlé tọ̀ ọ́.

Níbi òṣùwọ̀n wa, ilé kò ní abẹ, kò ní ẹ̀jẹ̀, kò ní dírípù. Àmì ewu kan ṣoṣo ti tó láti yọ ọ́ kúrò.

Kẹ́mísìtì

Ó sún mọ́ni, wọn kì í béèrè owó àsansílẹ̀, ẹni tó ń tajà sì sábà máa ń jẹ́ ojúlùmọ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ọjọ́ iyebíye fi ń ṣòfò síbẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé wọn kì í ṣí báńdéèjì wò. Wọ́n á gbọ́ pé ojú abẹ ń dùn ún, wọ́n á sì di oògùn pọ̀: diclofenac tàbí ibuprofen fún ìrora, ampiclox fún kòkòrò, nígbà mìíràn dexamethasone tàbí prednisolone kó lè tètè rọjú. Méjì nínú mẹ́ta yẹn ń bo àmì mọ́lẹ̀. Ibà á lọ, ìrora á rọlẹ̀ fún ọjọ́ kan, ìyá ọmọ á tilẹ̀ dìde, àrùn á sì máa jẹ lábẹ́. Ampiclox tí a gbé mì kò tó nǹkan lójú àrùn tó ń pa ẹran, ọ̀pọ̀ nínú àwọn kòkòrò tó máa ń parapọ̀ fa á, bíi E. coli àti Klebsiella, kò sì ka oògùn yẹn sí.

Ẹ lọ sí kẹ́mísìtì fún gọ́ọ̀sì tí wọ́n ti bọ̀ tí wọ́n sì lẹ̀ pa, omi saline (omi iyọ̀ tí wọ́n fi ń fọ ọgbẹ́), tẹmómítà, àti paracetamol: oníhóró 500 mg méjì ní wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà, kó má ju hóró mẹ́jọ lọ láàárín wákàtí 24. Bí àmì ewu bá wà, ẹ má yà síbẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, àti nọ́ọ̀sì tó ń wá wẹ ọgbẹ́ nílé

Ìjọba ìbílẹ̀ ló ni alábọ́ọ́dé, owó rẹ̀ kò pọ̀, agbẹ̀bí tó wà níbẹ̀ sì mọ ohun tó ń ṣe. Ó lè wọn ìfúnpá, ó lè ka bí ọkàn ṣe ń lù, ó lè tú báńdéèjì wò, ó sì lè sọ òótọ́ fún yín. Bí ọsibítù ńlá bá jìnnà, alábọ́ọ́dé lè gba ẹ̀mí là láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú: kí wọ́n fi dírípù sí i, kí wọ́n fún un ní oògùn apakòkòrò àkọ́kọ́ lójú iṣan ẹ̀jẹ̀. Ceftriaxone àti metronidazole ni ẹ ó sábà bá níbẹ̀. Wọn kò tó láti parí iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n wọ́n sàn ju òfo lọ nígbà tí ẹ ó fi rin ìrìn wákàtí méjì.

Kí wọ́n kọ lẹ́tà lé e lọ́wọ́. Lẹ́tà tó wúlò ní ọjọ́ tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, ìdí tí wọ́n fi là á, oògùn tí wọ́n fún un àti aago tí wọ́n fún un, ìfúnpá, ìlù ọkàn, ooru ara, àti oògùn tí ara rẹ̀ kọ̀. Láìsí aago nínú lẹ́tà, ọsibítù ńlá lè tún oògùn fún un láìtọ́ àkókò, tàbí kí wọ́n rò pé wọ́n ti fún un kí wọ́n sì fi sílẹ̀.

Pàkúté tó wà níbẹ̀ ni gbólóhùn tó rọrùn láti gbà: "Ẹ máa bọ̀ wá wẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́." Fún ọyún lásán, ìmọ̀ràn tó dára ni. Fún ojú abẹ tó ń dùn kọjá ibi tó wú, ìwẹ̀nùmọ́ òkè kò dé ibi tí àrùn wà rárá. Bákan náà ni nọ́ọ̀sì tó ń wá sílé: ẹ pa á mọ́ fún ìgbà tí ìyá ọmọ bá ti ọsibítù dé, ìgbà yẹn ni ọwọ́ rẹ̀ máa wúlò jù.

Ọsibítù aládàáni tí wọ́n ti là á

Ibẹ̀ ni ọkàn àwọn ẹbí kọ́kọ́ ń lọ, ìdí sì wà fún un. Wọ́n mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí tábìlì, ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn, wọn kì í sì í sábà ṣe àgídí lórí owó àsansílẹ̀ fún ojú abẹ tí àwọn fúnra wọn dá. Dókítà tó bá mọ̀ ọ́n ṣe lè mọ òótọ́ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá létí bẹ́ẹ̀dì. Yóò fi abẹ́rẹ́ pa ìmọ̀lára ibì kan, yóò la á ní ìwọ̀n 2 cm títí dé ìwọ̀ tó bo iṣan, yóò sì ti ìka bọ̀ ọ́. Bí ìka bá ń yọ̀ lọ láàárín ọ̀rá àti ìwọ̀ náà láìsí ohun tó dá a dúró, tí ẹ̀jẹ̀ kò jáde, tí omi eérú ń jò, yàrá iṣẹ́ abẹ ló kàn, lójú ẹsẹ̀.

Ìyàtọ̀ láàárín ọsibítù aládàáni kan sí èkejì pọ̀ púpọ̀, nítorí náà ẹ pè wọ́n lórí fóònù kí ẹ tó gbéra, kí ẹ béèrè ohun mẹ́rin. Ṣé dókítà oníṣẹ́ abẹ lè dé láàárín wákàtí kan? Ṣé akunnilóorun wà nítòsí, àbí wọn á ránṣẹ́ pè é láti ìlú mìíràn? Níbo ni wọn yóò ti rí ẹ̀jẹ̀ bí wọ́n bá nílò páìnì méjì ní òru yìí? Bí ìfúnpá rẹ̀ bá já lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ibo ni wọn yóò gbé e lọ? Bí ìdáhùn sí méjì nínú mẹ́rin bá jẹ́ "a ó wò ó", ẹ kọjá ibẹ̀. Ẹ gba ìwé iṣẹ́ abẹ náà lọ́wọ́ wọn, kí ẹ máa lọ.

Àṣìṣe tó ń pọ̀ níbẹ̀ ni lílà díẹ̀díẹ̀. Wọ́n á ṣí ibi kékeré kan, ọyún díẹ̀ á jáde, wọ́n á ki gọ́ọ̀sì bọ̀ ọ́, wọ́n á pààrọ̀ oògùn, wọ́n á dúró dọ̀la. Nígbà mìíràn àyẹ̀wò ni wọ́n ń dúró dè. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wúlò, wọ́n ní òṣùwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní LRINEC tó jáde ní 2004 tó ń lo mẹ́fà nínú wọn, ṣùgbọ́n èsì tó dára kò sọ pé àrùn kò sí níbẹ̀. X-ray lè fi afẹ́fẹ́ hàn lábẹ́ awọ, ó sì lè má fi nǹkan kan hàn. Kò sí àyẹ̀wò kan tó yẹ kí abẹ dúró dè bí ìyá ọmọ bá ti ń wó lulẹ̀.

Jẹ́nẹ́rà àti ọsibítù olùkọ́ni

Ibí yìí ni abẹ, ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ́jú àkànṣe ti pàdé. Ní ilẹ̀ wa, UCH ní Ìbàdàn, LUTH ní Ìdí-Àràbà, LASUTH ní Ìkẹjà, OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀, UITH ní Ìlọrin àti FMC Abẹ́òkúta wà lára wọn. Jẹ́nẹ́rà tó wà ní ìlú yín lè tó pẹ̀lú, bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ ìbímọ lóru. Owó rẹ̀ dín sí ti olùkọ́ni, ìlà rẹ̀ sì sábà máa ń kúrú.

Ohun tí wọn yóò ṣe níbẹ̀ yẹ kí ẹbí mọ̀ ṣáájú kí ẹ̀rù má baà sọ wọ́n di alátakò. Wọn yóò gé ẹran títí wọ́n á fi dé ibi tó ń ṣẹ̀jẹ̀, tí ọ̀rá rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú tó sì ń dán. Ihò tí yóò jáde á tóbi ju ohun tí ẹ rò lọ, ó lè kọjá ìdodo lókè, ó sì lè dé ìbàdí. Wọn kò ní í rán an padà. Láàárín wákàtí 24 sí 48 wọn yóò tún gbé e wọlé láti wo bóyá ibòmíràn ti kú, ọ̀pọ̀ sì nílò iṣẹ́ abẹ méjì tàbí mẹ́ta. Bí ilé ọmọ fúnra rẹ̀ bá ti jẹrà, wọ́n lè ní láti yọ ọ́. Dókítà tó bá gé díẹ̀ nítorí àánú ń fi ìdí àrùn sílẹ̀. Oògùn tí wọ́n á lò máa ń ju ẹyọ kan lọ: ọ̀kan tó gbòòrò bíi meropenem tàbí piperacillin-tazobactam, clindamycin tó ń dá kòkòrò dúró láti má ṣe tu májèlé, àti vancomycin bí wọ́n bá fura sí Staphylococcus tó ti kọ oògùn.

Àléébù ibẹ̀ kò fara pamọ́. Bẹ́ẹ̀dì lè kún, ìyanṣẹ́lódì lè wà, ẹbí á sì máa sáré ra nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ lè dín in kù. Ẹ béèrè ẹnu ọ̀nà pàjáwìrì àwọn aboyún àti ìyá ìkókó, ẹ má dúró sí ìlà àwọn tó wá gba káàdì. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ó kọ́kọ́ sọ ni: "Ọjọ́ márùn-ún rèé tí wọ́n là á, ìrora rẹ̀ ti kọjá ojú abẹ, ìfúnpá rẹ̀ ti ń já." Ẹ mú èèyàn méjì tí ara wọn le dání tí wọ́n lè fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Òfin ìlera ti ọdún 2014, ní ìpín 20 rẹ̀, sọ pé ilé ìwòsàn kankan kò gbọ́dọ̀ kọ ẹni tó nílò ìtọ́jú pàjáwìrì nítorí ìdí yòówù kó jẹ́. Ìtanràn 100,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí méjèèjì, ló wà fún ẹni tó bá kọ̀. Ẹ fi pẹ̀lẹ́tù rán wọn létí. Bí ọkọ̀ kò bá sí, nọ́ńbà 112 kì í gba owó.

Ní ti owó, iṣẹ́ abẹ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀jẹ̀, oògùn ojoojúmọ́ àti bẹ́ẹ̀dì ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ló ń parapọ̀. Ẹni tó bá tètè dé ń ná díẹ̀, torí iṣẹ́ abẹ rẹ̀ á kéré. Bí ìyá ọmọ bá wà lórí adójútòfò ìlera, bíi Ìlera Èkó tàbí ti ìpínlẹ̀ mìíràn, ẹ mú nọ́ńbà rẹ̀ dání. Ìjọba àpapọ̀ kéde ní oṣù kọkànlá ọdún 2024 pé àwọn obìnrin tí kò ní lọ́wọ́ yóò máa rí iṣẹ́ abẹ ìbímọ gbà lọ́fẹ̀ẹ́ ní àwọn ọsibítù tó bá wọ ètò náà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ afẹ́nifẹ́re ọsibítù bóyá ètò náà dé orí ojú abẹ tó bàjẹ́.

Lẹ́yìn abẹ: kí ni wọn yóò fi wẹ̀ ẹ́?

Ihò tó ṣí sílẹ̀ gbọ́dọ̀ kún láti ìsàlẹ̀. Gọ́ọ̀sì tí a rì sínú saline ni olówó pọ́ọ́kú jù, ibikíbi ni wọ́n ti lè ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan sí ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni, ó sì ń dunni. Kí wọ́n fún un ní oògùn ìrora ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú, kí wọ́n sì fi saline rin gọ́ọ̀sì tó ti gbẹ kí wọ́n tó fà á. Oyin dára fún ihò tí kò jinlẹ̀ mọ́, ó ń dín òórùn kù, àmọ́ ojúlówó oyin tí wọ́n ti ṣètò fún ọgbẹ́ ni, kì í ṣe èyí tí wọ́n lú ṣúgà mọ́ ní ọjà. Eusol, oògùn olómi tí wọ́n fi ń fọ ọgbẹ́, ṣì wà ní ọ̀pọ̀ wọ́ọ̀dù. Ó ń tú ẹran kú sílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbàrà tí ẹran pupa bá ti ń hù, a gbà yín níyànjú pé kí wọ́n jáwọ́ nínú rẹ̀, torí ó ń jó èyí tó ń hù.

Ẹ̀rọ tó ń fa omi ọgbẹ́ pẹ̀lú fóòmù, tí wọ́n ń pè ní VAC, ló yá jù fún ihò ńlá. Ìfàmọ́ra 125 mmHg ni wọ́n sábà máa ń lò, wọ́n sì ń pààrọ̀ fóòmù ní wákàtí 48 sí 72, èyí tó dá ìyá ọmọ sí kúrò nínú ìrora ojoojúmọ́. Owó rẹ̀ ló ga, iná mànàmáná sì gbọ́dọ̀ wà. Wọn kò gbọ́dọ̀ fi sórí ẹran tó kú tàbí ìfun tó ṣí sílẹ̀. Nígbà tí ihò bá ti pupa dáadáa, wọ́n lè rán an pọ̀ tàbí kí wọ́n gé awọ láti itan lẹ̀ mọ́ ọn.

Ta ló yẹ kó yan èwo?

Ẹni tí ojú abẹ rẹ̀ gbẹ, tí ìrora ń dín kù lójoojúmọ́, tí ooru ara rẹ̀ kò dé 38: ilé ni tiẹ̀, pẹ̀lú tẹmómítà láàárọ̀ àti lálẹ́.

Ẹni tí ọyún ń yọ níbì kan ṣoṣo, tó ń jẹun tó sì ń rìn: kó padà sí ibi tí wọ́n ti là á, lónìí, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí ó bá jìnnà, kó lọ sí alábọ́ọ́dé kí wọ́n wò ó, kí ó sì padà lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i láàárín wákàtí 24.

Ẹni tí ìrora rẹ̀ ti kọjá ojú abẹ, tàbí tí wíwú ti ré ìlà bírò kọjá, tí ara rẹ̀ ṣì balẹ̀: Jẹ́nẹ́rà tàbí aládàáni tó dáhùn ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wa dáadáa, èyí tó bá sún mọ́ jù nínú wọn. Bí ó bá tún ní àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kéré, kó lọ tààrà sí ọsibítù olùkọ́ni bí ìrìn náà kò bá ju wákàtí kan lọ.

Ẹni tó ti ní ìléròrò, awọ tó ṣú, omi tó ń rùn, ọ̀rọ̀ tí kò já geere tàbí ìfúnpá tó ń já: ọsibítù olùkọ́ni. Bí ó bá jìnnà ju wákàtí kan lọ, ẹ yà sí ọsibítù tó súnmọ́ jù fún dírípù àti oògùn àkọ́kọ́, kí wọ́n pè ṣáájú, kí ọkọ̀ má sì paná. Ẹ má ṣe fún un ní omi tàbí oúnjẹ lẹ́nu mọ́, torí wọ́n lè kùn ún lóorun ní kété tó bá dé.

Ẹni tó ti kúrò ní ọsibítù tí ihò rẹ̀ ń pupa: alábọ́ọ́dé tàbí nọ́ọ̀sì ilé, pẹ̀lú ẹyin, ẹja, ẹ̀wà àti mílíìkì tó pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, nítorí ọgbẹ́ ńlá ń gba ohun amáradàgbà lára. Ó lè máa fún ọmọ lọ́mú pẹ̀lú ceftriaxone, metronidazole tàbí clindamycin. Bí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ gbuuru tàbí tí ìgbẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n tètè wò ó. Bí àyẹ̀wò bá fi Streptococcus pyogenes hàn lára ìyá, kí dókítà ọmọdé yẹ ìkókó náà wò lọ́jọ́ kan náà, kódà bí ara rẹ̀ bá yá.